Àjọkẹ́, Gba Iṣẹ́ Náà, Ẹsẹ̀ Mi Ti Yá

Ìsọ̀ àpò, Zongo, Parakou
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì

Ràmátù Àjọkẹ́ mi,

Ẹ̀rín ni mo fi ń kí ọ. Ara mi le, ara bàbá rẹ le, ewúrẹ́ oníwo kan náà sì ti bí méjì. Láti ọjọ́ Ajé tí o ti pè pé ilé ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ní Kútọnù fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, kò sí ẹni tó wá ra àpò lọ́dọ̀ mi tí kò gbọ́. Ọkùnrin kan tó wá ra àpò àgbàdo gbọ́ ìtàn náà tán, ó ní, "Ìyá, inú mi dùn bá yín, àmọ́ kì í ṣe ìtàn ni mo wá rà. Ẹ dín owó kù." Mo dín in kù fún un. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò kì í dín owó kù fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni kí o ti mọ bí ayọ̀ mi ṣe tó.

Àárọ̀ yìí ni bàbá rẹ wá sọ fún mi pé o ní o ò ní gba iṣẹ́ náà mọ́. O ní wọ́n ń retí èsì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, pé "rárá" ni wàá sọ fún wọn, kí o lè padà wá sí Parakou wá máa ṣọ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo jáde lọ ra ìwé àti bírò.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí a bá ti dé orí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí, ẹkún ni o máa ń sun, owó inú fóònù á sì tán sórí ẹkún. Ìwé kì í dáhùn, kì í sì í sunkún. Awakọ̀ tó ń lọ sí Kútọnù láti ọgbà ọkọ̀ Zongo yóò mú un wá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, torí èmi ni mo bá a rán ìbòrí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀. Fi ara balẹ̀ kà á. Mi ò rò pé màá tún kọ irú rẹ̀, ọwọ́ ti ń ro mí láti ìsinsìnyí.

O sọ fún bàbá rẹ pé, "Bí mi ò bá sí nílé lọ́jọ́ yẹn, Màmá ì bá ti kú." Jẹ́ ká jọ wo ọjọ́ yẹn dáadáa, torí ó jọ pé ohun tí èmi rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ìwọ rí.

Nígbà tí wọ́n rí kókó nínú ọmú mi, tí dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ni, àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí mi lára. Èrè àpò ọdún méjì bá a lọ, kò dùn mí. Oṣù Ràmàdáánì wá bá wa lẹ́nu ìtọ́jú náà, lásìkò tí oòrùn Parakou ń yan èèyàn bí ẹ̀pà. Ìgbà yẹn ni ohùn kan ń kiri lórí fóònù àwa obìnrin Zongo. Ọkùnrin kan tí ẹnì kankan kò mọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní tí èèyàn bá gbààwẹ̀, tí kò jẹ, tí kò mu, ebi á mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀, á sì ti ibẹ̀ jẹ jẹjẹrẹ tán pátápátá.

Àjọkẹ́, inú mi dùn! Mo ṣírò rẹ̀: mo rí ẹ̀san ààwẹ̀ gbà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, jẹjẹrẹ kú, owó oúnjẹ ọ̀sán kù sápò. Ta ni yóò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ tí kò ní rà á? Àlùfáà wa ti sọ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló yọ aláìsàn sílẹ̀ nínú ààwẹ̀. Dókítà ti sọ pé kí n máa mu omi gan-an. Mo gbọ́ ti àwọn méjèèjì, mo sì ṣe ti ọkùnrin inú fóònù.

Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ fura.

"Ìyá Ràmátù, ẹ̀kọ tí mo bù fún ọ lọ́sàn-án dà?"

"Mo ti mu ún."

"Kí ló wá dé tí irùngbọ̀n ewúrẹ́ fi funfun?"

Mo ní bóyá ó ti ń dàgbà ni. Ó wo èmi, ó wo ewúrẹ́, ó mi orí, ó sì jáde. Ó dá mi lójú pé òun ló pè ọ́ pé kí o wálé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́wọ́ títí dòní.

Kí o tó dé ni ẹsẹ̀ òsì mi wú, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gbóná, ó ń ro mí, tọ̀tún kò sì ṣe nǹkan kan. Mo ránṣẹ́ pe Ìyá Yákúbà, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ẹ̀yà Dendi, tó ń wọ́ ara fún àwọn abiyamọ. Ó gbé òrí àti omi gbígbóná dé, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Na ẹsẹ̀ síbí. Ẹ̀jẹ̀ ló sùn síbẹ̀, màá jí i."

"Ẹ rọra o, ó ń dùn mí."

"Má kọ́ mi níṣẹ́. Ṣé mo máa ń wá sí ìsọ̀ rẹ wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rán àpò?"

Ó ti fi òrí pa á, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí ni o wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí, tí o sì pariwo tí àwọn ará ìta fi dúró.

"Ìyá Yákúbà, ẹ mọ́wọ́ kúrò!"

"Ṣé wọn kì í kí àgbà ní Kútọnù tí o ti lọ kàwé ni?"

"Ẹ káàsán mà. Ẹ mọ́wọ́ kúrò."

"Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ sùn, ṣé ká wá fún un ní ìrọ̀rí ni?"

"Kò sùn, ó dì ni! Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó lè já, kó bá iṣan lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kó pa á mọ́ yín lọ́wọ́."

Ìyá Yákúbà na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, òrí ń kán sórí ẹní mi. Ẹní tuntun. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹní náà, o wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, mo na ọwọ́ mú gèlè mi ká máa lọ.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ẹsẹ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ tó dì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Dókítà ní kì í ṣe ààwẹ̀ nìkan ló fà á. Ó ní jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, oògùn rẹ̀ pẹ̀lú lè fà á, àti ìjókòó lójú kan. Òùngbẹ wá ti gbogbo wọn lẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn lójoojúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i. Owó oúnjẹ ọ̀sán tí mo fi pamọ́ ní gbogbo ọjọ́ tí mo gbààwẹ̀, mo ṣírò rẹ̀, kò tó ra abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo.

Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti bi ọ́ ní ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní, "Ṣé irọ́ ni ọkùnrin yẹn pa ni? Ṣé ara kì í jẹ ara rẹ̀?" O lè bú mi lọ́jọ́ yẹn. O ò bú mi. O jókòó, o ní, "Màmá, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀ yín ṣe àpẹẹrẹ." Mo ń kọ ọ́ síbí bí o ṣe sọ ọ́, kí o lè rí i pé ó yé mi.

O ní sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe àwọn ohun kéékèèké tí a fi kọ́ ara wa, àti pé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà bí ìsọ̀ mi. Àpò tó ti gbó kọjá àtúnṣe, mi ò kì í jù ú nù. Mo máa ń tú u ni. Òwú rẹ̀ ni mo fi ń rán èyí tó ṣì dára, ègé rẹ̀ ni mo fi ń lẹ ojú ihò. O ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe: ó ń tú ohun tó ti gbó nínú ara rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń fi í kọ́ tuntun, pàápàá bí ebi bá ń pa á. Pé iṣẹ́ rere ni, torí ó ń kó ìdọ̀tí tó lè di àrùn kúrò nínú ìsọ̀. Inú mi ti fẹ́ máa dùn pé mo jàre, o wá ní, "Ṣùgbọ́n tí olè bá ti wọ ìsọ̀ yín, tó tilẹ̀kùn mọ́rí, ṣé òun náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú àpò ni?" Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ iṣẹ́ yẹn dunjú. Tí ebi bá pa á, tàbí tí oògùn bá kọlù ú, ó lè máa tú ti inú ara rẹ̀ jẹ títí ìyà á fi kọjá lórí rẹ̀. Ebi tí mo fẹ́ fi pa á, èmi ni ì bá kọ́kọ́ pa.

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ tó dì ńkọ́?" O ní ìyẹn ni iṣẹ́ rírán. Bí ọ̀bẹ bá gé wa, àwọn wóró kan nínú ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ dí ojú ọgbẹ́, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ á hun ara rẹ̀ lé wọn lórí. Láìsí ìyẹn, ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ àpò gún ọwọ́ kò ní rí alẹ́. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ máa ń ké "ọgbẹ́, ọgbẹ́" níbi tí kò ti sí ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ránṣọ sí ibi tí kò ya. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó bá sì jáde, tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí ibòmíràn nínú ara, á fi àwọn wóró yẹn bo ara rẹ̀ bí olè tó fi ìborùn ìyálé bojú, kí àwọn ọmọ ogun ara má baà dá a mọ̀. Olè kan náà, ó mọ̀ ọ́n rán, ó mọ̀ ọ́n tú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo ní, "Àrùn yìí mọ òwò ju bàbá rẹ lọ." Bàbá rẹ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní, "Mo gbọ́ o." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ohun tó wá ṣe.

O wá sọ fún mi pé ohun tó wù ọ́ láyé yìí ni kí o wà níbi tí wọ́n ti ń wá bí rírán àti títú yẹn ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́, àti bí a ṣe lè gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ olè láì gbà á lọ́wọ́ onílé. Ojú rẹ ń tàn nígbà tí o ń sọ ọ́. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti pè ọ́ báyìí, ọmọ mi, ẹsẹ̀ ìyá rẹ ni o sì fẹ́ fi dá wọn lóhùn.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Mi ò to wọ́n dáadáa, bí wọ́n ṣe ń wá ni mo ń kọ wọ́n.

Èkíní. Ohunkóhun tí wọ́n bá pè ní ọ̀fẹ́, béèrè ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ààwẹ̀ mi, ẹsẹ̀ mi ló sanwó. Bí o bá kọ iṣẹ́ yìí, yóò dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò ná nǹkan kan: o wà nílé, o ò san owó yàrá, mò ń rí ọ lójoojúmọ́. Ìwọ ni wàá máa san án lọ́dọọdún.

Èkejì. Bí ẹ bá rí nǹkan tuntun nínú iṣẹ́ yín, ẹ má yára sọ ọ́ di ohùn orí fóònù. Ẹ sọ èyí tí ẹ mọ̀, ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ èyí tí ẹ kò tíì mọ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, kì í ṣe irọ́.

Ẹ̀kẹta, nípa Ìyá Yákúbà. O jàre, ṣùgbọ́n o pariwo lé àgbà lórí níwájú àwọn aládùúgbò. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé lọ́jọ́ kejì, o gbé ṣúgà lọ kí i, o jókòó lórí àpótí rẹ̀, o sì ṣàlàyé ẹsẹ̀ tó wú fún un ní odindi ìrọ̀lẹ́ kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn dà? Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń ra kajú wá bá a pé kó wọ́ ẹsẹ̀ òun. Mo wà níbẹ̀.

Ìyá Yákúbà ní, "Ẹsẹ̀ kan ló wú àbí méjèèjì?"

"Ọ̀kan ni."

"Ó gbóná?"

"Ó gbóná."

Ó dé ìgò òrí rẹ̀ pa. "Èmi ò ní pa ọ́. Gun alùpùpù lọ bá dókítà nísinsìnyí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, ọkọ rẹ pàápàá."

Ó sì gba owó ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ni wọ́n bá lẹ́sẹ̀ obìnrin yẹn náà, ó sì ti ń lo oògùn. Ibo ni o wà lọ́jọ́ náà, Àjọkẹ́? Kútọnù. Ṣé o ti ń rí ohun tí mò ń sọ? Kì í ṣe pé o dúró lójú kan ló gbà mí là, ohun tí o mọ̀ ni. Ohun tí o mọ̀ sì ti wà ní Zongo báyìí, ó ń rìn káàkiri, ó tilẹ̀ ń pawó fún Ìyá Yákúbà.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo tó bí o ṣe wà yìí, àǹtí mi kan tó ń tajà ní Malanville ní kí n wá bá òun dá òwò pọ̀. Ìyá mi ń wúkọ́ lásìkò náà, mo ní mi ò lè fi í sílẹ̀. Ikọ́ náà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìbátan mi tó lọ dípò mi ti ní ìsọ̀ mẹ́ta. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, torí bí mo ṣe dúró ni bàbá rẹ ṣe rí mi, òun náà sì lérè díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò yéé sọ títí ó fi kú pé, "Èmi ni mo dí ọ lọ́nà." Mi ò lè yọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn rẹ̀. Má gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé èmi lórí. Ẹsẹ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ni, kò tíì lè gbé ẹrù.

Àpò tó gbó ni mo ń tú, ọmọ mi. Èyí tó lágbára, tó lè gbé àgbàdo láti ibí dé Kútọnù láì já, tí mo bá tú u nítorí òwú, kí ẹ mú mi lọ sílé ìwòsàn pé orí mi ti dàrú. Ohun tó ti gbó lọ́wọ́ rẹ ni kí o fi ràn wá lọ́wọ́: owó tó bá ṣẹ́kù, aṣọ tí o kò wọ̀ mọ́, àkókò ìsinmi. Má ṣe tú ara rẹ jẹ nítorí wa.

Ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìtọ́jú ti parí. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, dókítà wo ìwé àyẹ̀wò, ó ní òun kò rí nǹkan kan báyìí, kí n máa wá déédéé kí wọ́n máa yẹ̀ mí wò. Mò ń mu omi bíi ràkúnmí. Ọjọ́ Jímọ̀ dé Jímọ̀, bàbá rẹ máa ń fi okùn télọ̀ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, á sì pe iye rẹ̀ bí ẹni tó ń ta okùn ní gbàǹjo. Wọ́n ti dọ́gba. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí àdúgbò Albarika lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ jẹ ìsọmọlórúkọ, mo jó, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà. Owó alùpùpù wà lápò mi.

Ní Kútọnù, má gba yàrá níbi tí omi ti ń wọlé nígbà òjò nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Má jókòó ti awò tí ẹ fi ń wo sẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀ dé alẹ́. Dìde, rìn, ẹ̀jẹ̀ fẹ́ràn ẹni tó ń rìn. Bí ọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ ọ, jẹ́ kó bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ náà, o ti mọ̀ láì náwó ìgbéyàwó. Bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Jẹun.

Mo mọ̀ pé o lágídí, pé o lè ka gbogbo èyí tán kí o ṣì wọ ọkọ̀ wálé. Nítorí náà, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán yìí, mo fi yàrá rẹ háyà. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ló gbà á, ọmọ tó mọ́ tónítóní. Ó ti san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, mo sì ti fi díẹ̀ níbẹ̀ san gbèsè oògùn, kò ṣeé dá padà mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni yóò máa sùn. Mo fi kún àdéhùn wa pé á máa wo ẹsẹ̀ mi láràárọ̀ kó tó jáde, ó ní kò sí wàhálà, mo sì yọ owó iná fún un.

Nítorí náà, tí o bá ń bọ̀ wálé lásìkò ọdún, wá bí àlejò, gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́, kí o sì sọ fún wa ṣáájú, kí n lè tẹ́ ẹní fún ọ ní pálọ̀.

Ìyá rẹ tó ń rìn, tó sì ń jó,
Àlímọ̀tù